Ìlú Etí Òkun Tí Ilẹ̀ Ń Mì Lábẹ́ Rẹ̀: Accra àti Labadi, 1862 sí 2020

Ní nǹkan bí aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22 oṣù Okúdù ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra, olú-ìlú Gold Coast. Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, ògiri alámọ̀ ti wó lu àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà létí òkun. Ènìyàn 17 kú, 133 sì fara pa. Àwọn onímọ̀ ṣírò agbára rẹ̀ sí nǹkan bí 6.5. Ìmìtìtì náà kò mọ sí Gold Coast nìkan; wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, láàárín àwọn tó jẹ́ pé inú Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà 'ìsẹ̀lẹ̀' kí ó tó dé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìtàn Accra, ìtàn odi òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń kọ, ìtàn góòlù àti òwò ẹrú, ìtàn Nkrumah àti òmìnira. Gbólóhùn kan péré ni ìmìtìtì ilẹ̀ sábà máa ń rí gbà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rìn láti James Town lọ sí Korle Gonno, tó gba Mamprobi dé Kaneshie, tó wá yí padà gba Osu lọ sí Labadi, orí ilẹ̀ tí ìmìtìtì tún pín ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, ẹni tí wọ́n ń bá gbé, àti irú ilé tí wọ́n ń sùn sí yí padà nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, àti nítorí ohun tí ìjọba amúnisìn yàn láti ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn Ga ló ni etí òkun náà. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ìlú wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò tẹ̀ léra wọn létí omi: Accra fúnra rẹ̀, Osu, La tí àwọn àlejò ń pè ní Labadi, Teshie, Nungua àti Tema. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ará Nẹ́dálándì, àwọn ará Dẹ́nímáàkì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi mẹ́ta síbẹ̀, tí èkíní kò jìnnà sí èkejì. Abẹ́ odi James tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni àdúgbò Ngleshie Alata ti dìde. Gẹ̀ẹ́sì ni 'Ngleshie' ń tọ́ka sí. Ní ti 'Alata', ìtàn àdúgbò náà sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti apá ìlà-oòrùn, láti ìhà Allada ní ilẹ̀ Benin òde òní, ló tẹ̀ ẹ́ dó, tí Wetse Kojo sì di olórí wọn. Nígbà tó yá, orúkọ yìí kan náà ni àwọn ará Gold Coast fi ń pe Yorùbá, àti lẹ́yìn náà gbogbo ará Nàìjíríà. Àwọn Yorùbá kan máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí aláta, ẹni tó ń ta ata. Ìtumọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ti Allada ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ọṣẹ dúdú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ orúkọ yìí: 'alata samina' ni wọ́n ń pè é ní Ghánà, orúkọ náà sì ti bá ọṣẹ náà dé ọjà àwọn ará Áfíríkà ní Amẹ́ríkà. Ní 1836, àwọn àgbààgbà tó padà láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn kan nínú wọn, gúnlẹ̀ sí Accra. Àwọn Ga gbà wọ́n, wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní Tabom. Ìdí tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì ni pé àdúgbò àwọn àlejò tó ti di onílé wọ̀nyí wà ní àárín ibi tí ilé ti há mọ́ra jù, ibẹ̀ sì ni ìmìtìtì ilẹ̀ ti máa ń rí ohun wó.

Ìdí tí ilẹ̀ Accra fi ń mì wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Òkè Akwapim ń bọ̀ láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé òkun nítòsí Weija, Kokrobite àti Nyanyano. Ẹ̀là ilẹ̀ kan, níbi tí àpáta ìhà kan ti ń fara ha ti ìhà kejì, bá ẹsẹ̀ òkè náà lọ. Ẹ̀là mìíràn bá etíkun lọ lábẹ́ omi. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ọ̀pọ̀ ìmìtìtì kéékèèké ti ń wá títí di òní. Etíkun tó kù náà kò sì bọ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1636, ilẹ̀ mì ní agbègbè Axim, lọ́nà jíjìn sí Accra, ìhò ìwakùsà góòlù sì ya lu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìmìtìtì ńlá àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún ní Accra ni ti ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ ọdún 1862. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n kà mọ́ òkú ní ìlú náà, iye tó kéré lójú ohun tí àwọn ilé rí. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé olókùúta tí ènìyàn tún lè fi ọkàn balẹ̀ sùn sí. Odi James sán, odi Crèvecoeur tí àwọn ará Nẹ́dálándì ń lò nígbà náà wó ní apá kan, àjà òkè ilé olódi Christiansborg ní Osu, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rà lọ́wọ́ àwọn ará Dẹ́nímáàkì ní 1850, sì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé pákó ni wọ́n fi tún un kọ́. Pákó yẹn yẹ fún àkíyèsí. Fún igba ọdún ni òkúta ti jẹ́ àmì agbára òyìnbó létíkun yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ fi hàn pé òkúta tí kò lè fà sẹ́yìn, fífọ́ ló ń fọ́, àti pé igi tó lè tẹ̀ ni yóò dúró.

Lẹ́yìn ọdún 15 péré, ní 1877, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó olú-ìlú Gold Coast kúrò ní Cape Coast wá sí Accra yìí kan náà. Lójú ẹni tó ń wẹ̀yìn wò lónìí, ó jọ ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ìlera ni àwọn aláṣẹ ń rò: àìsàn ti pa òyìnbó púpọ̀ ní Cape Coast, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra sì gbẹ, òjò rẹ̀ kò pọ̀, òkè Aburi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù kò sì jìnnà. Ibà ń pa ènìyàn lọ́dọọdún. Ìmìtìtì ilẹ̀ lè má wá títí ọmọ yóò fi di baba. Bí wọ́n ṣe wọn ewu méjèèjì nìyẹn, kò sì sí ìdí láti rò pé ẹlòmíràn nípò wọn ìbá ṣe é lọ́nà mìíràn. Láti ìgbà náà ni ọ́fíìsì, ilé-ẹjọ́, ilé ìtajà ńlá, àti ojú irin tó dé Kumasi ní 1923, ti ń kóra jọ sórí ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ti mì rí.

Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé iṣẹ́ wá. Ilé amọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ọ́n ní ìpele ìpele, wọ́n á fi oòrùn gbẹ ẹ́, wọ́n á wá fi páànù bò ó. Ilé bẹ́ẹ̀ tutù nínú ooru, kò wọ́nwó, bí a bá sì ń rẹ́ ẹ déédéé yóò pẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara dà ni kí ilẹ̀ fà á sí ọ̀tún àti sí òsì, nítorí kò sí ohun tó di ògiri kan mọ́ èkejì. Ní 1908, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, ìjọba rí ìdí àkọ́kọ́ láti wó lára àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n sì ya ilẹ̀ tuntun sọ́tọ̀ ní Korle Gonno, ní òdìkejì ọ̀sà Korle. Àwọn kan lọ. Púpọ̀ kò lọ, nítorí ilé bàbá ẹni, tí àwọn òkú ilé wà nílẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ nítorí ìwé àṣẹ. Ètò náà wà nínú ìwé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó ń dúró de ohun tí yóò mú un ṣẹ.

Ohun náà ni alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Okúdù. N. R. Junner, ọ̀gá àgbà àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Gold Coast, tẹ ìròyìn rẹ̀ nípa ìmìtìtì náà jáde ní 1941, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a mọ̀. Ohun tó ṣe kedere jù nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni pé irú ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ ló sọ irú ewu tí yóò rí: ilé amọ̀ àtijọ́ wó, ilé pákó dúró, ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ dáadáa sán díẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí odò Densu ti ń ya wọ òkun, omi àti iyanrìn tú jáde láti inú ilẹ̀ gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí wákàtí tó ṣẹlẹ̀ wà lára ohun tó mú kí òkú má pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: aago méje alẹ́ nínú ooru etí òkun, ọ̀pọ̀ ni yóò ṣì wà ní gbàgede, nídìí ààrò tàbí lójú pópó. Ká ní òru ni, ìtàn ìbá yàtọ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún di aláìnílé. Ìjọba Gómìnà Arnold Hodson kó wọn sí àgọ́ ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ogun àgbáyé kejì fi bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì àti irin di ọ̀wọ́n gógó, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Kí ogun tó parí, ilé kéékèèké oníyàrá méjì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ti dìde ní Korle Gonno, Mamprobi, Kaneshie, Osu, gúúsù Labadi àti àwọn ibòmíràn. 'Estate' ni àwọn ará Accra ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, orúkọ náà kò sì tíì kúrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba Gold Coast di onílé fún àwọn ará ìlú lásán, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Ètò ilé ìjọba tí Ghánà òmìnira wá ń ṣe lẹ́yìn náà, inú eruku 1939 ló ti hù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan inú ilé. Ní àwọn ìlú Ga àtijọ́, tọkọtaya kì í sábà gbé pọ̀. Ọkùnrin ń gbé ní agbo ilé àwọn ọkùnrin, pẹ̀lú bàbá, àbúrò àti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà. Obìnrin ń gbé ní agbo ilé àwọn obìnrin, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ kéékèèké. Aya á se oúnjẹ ní ilé ìyá rẹ̀, á gbé e ránṣẹ́ sí ọkọ ní ìrọ̀lẹ́, á sì lọ bá a lálẹ́. Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ yóò rí agbo ilé tó jọ ti ilé rẹ̀, yóò sì wá ṣàkíyèsí pé ìyàwó ilé kò sí nínú rẹ̀. Agbára wà nínú ètò yìí fún obìnrin: òwò ẹja àti búrẹ́dì tó ń ṣe, ọwọ́ ìyá àti arábìnrin ló ń gbà á ró, kò sì sí ọkọ tó lè lé e jáde nílé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ilé oníyàrá méjì kò mọ ètò yìí. Ọkọ kan, aya kan àti ọmọ wọn ni ẹni tó yàwòrán rẹ̀ ní lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ ilé náà, ó di dandan kí ó yan ẹni tí yóò mú lọ àti ẹni tí yóò fi sílẹ̀. Àwọn obìnrin kan tí ilé ìyá wọn wó bá ara wọn ní Kaneshie tàbí Mamprobi, níbi tó jìnnà sí òkun àti sí ẹja tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ apẹja ní àárọ̀. Kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀ ló fún wọn ní irú ilé yìí. Èrò àwọn aláṣẹ nípa ohun tí ìdílé tó dára jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láìsí ìmìtìtì, èrò náà kì bá tí rí ilẹ̀ gbilẹ̀ sí. Nínú gbogbo ohun tó wó ní 1939, èyí ni kò sí ẹni tó kà mọ́ àdánù.

Bí ilé ṣe ń pinnu ewu hàn sí àwọn tó ń gbé ní Beltsville àti gbogbo Prince George's County ní Maryland, níbi tí àwọn ará Ghánà àti Nàìjíríà ti pọ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ 23 oṣù Ògún ọdún 2011. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó ní agbára 5.8 bẹ́ sílẹ̀ nítòsí Mineral ní Virginia, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára jákèjádò ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ̀wọ̀n ìrántí Washington sán, wọn kò sì ṣí i fún àwọn àlejò mọ́ títí di 2014. Kò sí ẹni tó kú. Ti Agadir, ìlú ìgbafẹ́ etí òkun ní Mòrókò, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ ní agbára nígbà tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Èrèlè ọdún 1960, ṣùgbọ́n ó lé ní 12,000 ènìyàn tó kú níbẹ̀. Kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, abẹ́ ìlú gan-an ló ti wá, ilé ibẹ̀ kò sì lè gbà á. Ìjọba Mòrókò pa apá tó bàjẹ́ jù tì, wọ́n sì kọ́ Agadir tuntun sí ìhà gúúsù. Accra wà láàárín àwọn méjèèjì: ìmìtìtì tó lágbára ju tiwọn lọ ní bí ìlọ́po mẹ́wàá, tí ó jẹ́ pé abẹ́ òkun ló ti wá, tí ìlú kò sì tíì ga nígbà náà.

Ó ti ga báyìí. Etí òkun tí àwọn ènìyàn sá fún ní 1939 ti di ibi tí owó ń sáré lọ. Ní Labadi, níbi tí apẹja ti ń fa àwọ̀n, ilé ìtura ńláńlá wà lónìí. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹṣin, onílù àti àwọn ọlọ́jà a kún iyanrìn rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, Kokrobite tó jẹ́ abúlé apẹja di ibi tí àwọn àlejò láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá kọ́ ìlù àti láti sinmi, kò sì jìnnà sí ibi tí ẹ̀là ilẹ̀ méjì ti pàdé. Lókè rẹ̀ ni ìsédò Weija wà lórí odò Densu, tí ìhà ìwọ̀-oòrùn Accra ń mu omi rẹ̀. Àgbàrá wọ́ ìsédò àkọ́kọ́ lọ ní 1968, wọ́n sì parí èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ní 1978. Ilé ti gun òkè tó yí i ká, ó ti sọ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń kó iyanrìn etíkun fi mọ búlọ́ọ̀kù bí òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin tó yẹ kó di ilé mú, òkun náà sì ń wá gba ààyè tí wọ́n ti kó iyanrìn kúrò.

Ìrántí kò tẹ̀ lé owó lọ sí etíkun. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò tó wà ní Accra ní 1939 ni òun tàbí ọmọ rẹ̀ di dandan kí ó kúrò lẹ́yìn àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù Bélú ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde. Ẹ̀rí wọn bá wọn padà sílé, ó sì fọ́n ká. Àwọn Ga tó rí i pẹ̀lú ojú ń dínkù. Ohun tó rọ́pò ìrántí ni ìbẹ̀rù. Ní òru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2010, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìmìtìtì ilẹ̀ pa ènìyàn ní ìpakúpa ní Haiti, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kiri pé ilẹ̀ Ghánà yóò mì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Accra àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, àwọn ènìyàn gbé ọmọ, wọ́n gbé ẹní, wọ́n jáde sí pápá, wọ́n ń gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́. Irọ́ ni. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n jíjáde sí gbangba kúrò lábẹ́ ògiri, ohun tí àwọn aláìnílé ṣe ní 1939 gan-an ni.

Ìjọba kò sùn pátápátá. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ti wà ní Accra láti 1914, wọ́n sì fi àwọn tuntun sí ibi púpọ̀ ní 2012. Ní 2018, Ghánà gbé òfin ìkọ́lé tuntun jáde tó sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ rí níbi tí ilẹ̀ ti ń mì. Mímú un ṣẹ lórí òkè Weija jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilẹ̀ Yorùbá kò sì lè fojú àlejò wo ọ̀rọ̀ yìí: ilẹ̀ mì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní 1984, ó tún mì ní Abẹ́òkúta ní 2009.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Okúdù ọdún 2020, ọdún 81 àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn ti 1939, ilẹ̀ Accra mì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4 lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé oníyàrá méjì ti 1939 kò rí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn mọ́ nígbà náà. Ní Korle Gonno àti Mamprobi, ààyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín ilé kan sí èkejì ti kún fún yàrá àfikún tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́ fún ìyá, fún arábìnrin, fún ìbátan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ògiri ti ara ògiri, títí ilé tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún ọkọ kan àti aya kan fi padà di agbo ilé.